Leo Fender: ọkùnrin tí kò mọ gìtá ta, tó ṣe gìtá báàsì fún gbogbo ayé

Bí ẹgbẹ́ olórin bá ń ṣeré níbi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, ohùn ńlá kan wà nísàlẹ̀ tó ń dún wọ inú àyà wa. Gìtá báàsì nìyẹn. Ìtàn ẹni tó ṣe é dé ọwọ́ àwọn olórin la fẹ́ sọ lónìí.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1909 ni wọ́n bí Leo Fender ní California, ní Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ ọsàn ni àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ ọdún 8 ni nígbà tí àìsàn gba ojú kan lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣírò owó ló kọ́, àmọ́ iṣẹ́ náà bọ́. Ní 1938, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ìlú Fullerton, ó ń tún rédíò ṣe. Àwọn olórin ń gbé ẹ̀rọ wọn wá bá a, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ẹjọ́ wọn.

Báàsì ayé ìgbà yẹn ga ju ènìyàn lọ, ó ṣòro gbé, ìlù sì máa ń bo ohùn rẹ̀. Ní 1951, Leo gbé Precision Bass jáde. Ó ṣeé fi kọ́ ọrùn, ó ń lo iná, irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lára ọrùn rẹ̀ kí ìka má bàa ṣìnà. Ohùn rẹ̀ ki, míkírò kan ló ní. Ní 1957 ni wọ́n pín míkírò yẹn sí méjì.

Jazz Bass tẹ̀ lé e ní 1960. Níbi tí ọrùn Precision ti fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4,4, ti Jazz kò ju 3,8 lọ, ìka ń tètè sáré lórí rẹ̀. Míkírò méjì ló ní, olórin lè pò wọ́n bó ṣe wù ú, ohùn rẹ̀ sì mú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àmọ́ àìsàn dé. Leo rò pé òun ò ní pẹ́ kú, ló bá ta ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún CBS ní 1965, ní mílíọ̀nù 13 dọ́là. Orúkọ rẹ̀ bá ọjà lọ. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ yá, àmọ́ kò lè fi Fender sára ohun tó bá ṣe mọ́.

Kò jókòó sunkún. Ní 1976, StingRay ti Music Man jáde: míkírò ńlá kan, pẹ̀lú bátìrì nínú rẹ̀ tó ń fún ohùn lágbára. Lẹ́yìn náà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ George Fullerton dá G&L sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta 1991, lẹ́ni ọdún 81.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó ń tún rédíò àti tẹlifóònù ṣe, ẹ gbọ́ o: Leo kò mọ gìtá ta títí ó fi lọ. Etí tó fi gbọ́ oníbàárà ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Wọ́n ra orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò rí ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rà.