Olóògbé Awókòyà àti Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́

Nígbàkúùgbà tí a bá gbọ́ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó ba ìdánwò jẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, Olóògbé Stephen Olúwọlé Awókòyà ni a máa ń rántí. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni; olùkọ́ sì ni kí ó tó di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́. Nínú àbá rẹ̀ ti oṣù keje 1952, kò ní kí a bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ó ní kí a kọ́kọ́ kọ́ àwọn olùkọ́. Ṣùgbọ́n ní 1955, àwọn ọmọ tí kò pé 460,000 lọ́dún tí ó ṣáájú ti lé ní 811,000. Ta ni ì bá rí olùkọ́ fún wọn tán? Awókòyà fi ìjọba sílẹ̀ ní 1956. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Banjo wádìí ọ̀ràn náà ní 1961, àìtó olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n rí.