Seymour Cray

Seymour Roger Cray (28 Oṣù Kẹsàn-án 1925 – 5 Oṣù Kẹwàá 1996) jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí baba àwọn kọ̀ǹpútà alágbára ńlá. Fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, bí wọ́n bá dárúkọ kọ̀ǹpútà tí ó yára jùlọ láyé, àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí Cray ṣe ni. Ohun méjì ni ó bá jìjàkadì láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dé òpin: ooru tí ń jáde lára ẹ̀rọ, àti gígùn wáyà tí ó so apá kan ẹ̀rọ mọ́ èkejì. Àwọn tí ń to kọ̀ǹpútà fúnra wọn nínú ilé lóde òní, tí wọ́n ń yan àwọ̀ tí yóò bá ara mu fún un, tí wọ́n ń fi omi inú páìpù tù ú lára, tí wọ́n sì ń di wáyà rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀nà tí ọkùnrin yìí là ni wọ́n ń tọ̀, yálà wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí tàbí wọn kò gbọ́ ọ.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Ìlú Chippewa Falls ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ni wọ́n ti bí Cray. Ìlú kékeré ni, etí odò Chippewa ni ó wà. Bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Seymour, jẹ́ ẹnjiníà ìkọ́lé. Ọmọ náà kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà tí ó fi àwọn irin ìṣeré ọmọdé to ẹ̀rọ kan tí ó ń sọ ihò ara bébà di àmì Morse. Àwọn òbí rẹ̀ yọ̀ǹda yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé wọn fún un, ibẹ̀ ni ó sì sọ di ilé iṣẹ́ tirẹ̀.

Ó parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì pè é sí iṣẹ́ ológun. Ẹ̀ka rédíò ni wọ́n fi í sí. Ó ṣiṣẹ́ ní Yúróòpù, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ sí Philippines, níbi tí ó ti wà lára àwọn tí ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ogun Japan fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Nígbà tí ogun parí, ó wọ Yunifásítì Minnesota. Ó gba oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, ó sì gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣirò ní ọdún 1951.

Iṣẹ́ ní Minnesota

Ilé iṣẹ́ Engineering Research Associates, ní ìlú St. Paul, ni ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ó wà lára àwọn tí ó ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní 1103. Ilé iṣẹ́ yìí bọ́ sọ́wọ́ Remington Rand, lẹ́yìn náà sọ́wọ́ Sperry. Ní ọdún 1957, William Norris kó àwọn kan jáde láti dá Control Data Corporation sílẹ̀, Cray náà sì bá wọn lọ nígbà tí ó parí iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀ ni CDC 1604, ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi tiransístọ̀ ṣe fún títà. Síbẹ̀, ara rẹ̀ kò balẹ̀ nínú ìlú ńlá. Àwọn ọ̀gá àti oníbàárà ń yọjú nígbà gbogbo, ó sì gbà pé ìpàdé ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ní ọdún 1962, Control Data kọ́ ilé iṣẹ́ kan fún un ní Chippewa Falls, lórí ilẹ̀ tirẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè ṣèèṣì yà sí i. Kì í ṣe ìgbéraga ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Onítìjú ènìyàn ni, ó sì fẹ́ràn kí òun dá jókòó ti bébà àti pẹ́ńsù.

Ibẹ̀ ni CDC 6600 ti jáde ní ọdún 1964. Ẹ̀rọ yìí ní nǹkan bí 400,000 tiransístọ̀, wáyà inú rẹ̀ sì lé ní ọgọ́rùn-ún máìlì. Wọ́n kó tiransístọ̀ wọ̀nyí sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ lásán kò lè mú ooru wọn kúrò. Dean Roush, tí ó ti ṣe iṣẹ́ fíríìjì tẹ́lẹ̀ rí, ni ó bá a wá ojútùú: wọ́n la páìpù sí ara àpótí ẹ̀rọ náà, Freon, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú fíríìjì nígbà náà, sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Láti ọjọ́ náà lọ, Cray kò tún ya ẹ̀rọ kan kí ó tó ronú ibi tí ooru yóò gbà jáde.

CDC 6600 yára tó ìlọ́po mẹ́ta kọ̀ǹpútà tí ó yára jùlọ ṣáájú rẹ̀, èyí tí IBM ṣe. Thomas Watson kékeré, ọ̀gá àgbà IBM, kọ ìwé ìbínú sí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣàlàyé bí ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tí agbálẹ̀ wà lára wọn, ṣe lè fi ilé iṣẹ́ tí ó tóbi tó tiwọn sẹ́yìn. Cray gbọ́, ó sì ní ọkùnrin náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè tí ó bi.

CDC 7600 ni ó tẹ̀lé e ní ọdún 1969. Èyí tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé ìyẹn, CDC 8600, kò gbó, kò tọ́. Wọ́n kó ẹ̀yà ara rẹ̀ sún mọ́ra jù. Bí ẹyọ kan bá bàjẹ́, odindi ni yóò dáṣẹ́ sílẹ̀. Cray fẹ́ tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n owó kò sí. Ní ọdún 1972 ó kúrò níbẹ̀ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀, Norris sì tún fi owó Control Data ràn án lọ́wọ́ láti dá Cray Research sílẹ̀.

Cray-1

Kọ̀ǹpútà Cray-1 jáde ní ọdún 1976. Ìrísí rẹ̀ kò jọ ti ẹ̀rọ kankan tí àwọn ènìyàn ti rí rí. Ó ga tó ènìyàn, ó dúró yípo bí lẹ́tà C, àga tìmùtìmù sì yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bí ẹni pé inú pálọ̀ ni wọ́n gbé e sí. Abẹ́ àga wọ̀nyẹn ni àwọn ẹ̀rọ tí ń pín iná fún un wà. Àwọ̀ ara rẹ̀ àti ti àga rẹ̀ wà lọ́wọ́ oníbàárà láti yàn, nítorí náà kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jọra.

Ọ̀pọ̀ rò pé ẹwà ni wọ́n fi lẹ́tà C wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì iná tí ń rìn nínú wáyà kò lè yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í sì í rìn ju nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lọ nínú ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Cray-1 ń gbé ìgbésẹ̀ kan nínú ìdá méjìlá ààbọ̀ irú àkókò bẹ́ẹ̀. Bí wáyà bá gùn jù, àmì kò ní dé nígbà tí wọ́n ń retí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dúró yípo, inú C yóò há ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, wáyà tí ó bá gba inú ibẹ̀ yóò sì kúrú. Kò sí wáyà kan nínú Cray-1 tí ó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ.

Àwọn obìnrin Chippewa Falls àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n fi ọwọ́ so ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wáyà wọ̀nyí, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ tó nǹkan bí ọgọ́ta máìlì. Gígùn wáyà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n, nítorí ìwọ̀n yẹn ni ó ń sọ ìgbà tí àmì yóò dé. Ó yẹ kí àwọn tí ń fi wáyà títò yangàn mọ èyí: ẹni tí ó bá yọjú wo inú àlàfo C náà kò ní rí ohun tí ó tò gbọọrọ. Igbó wáyà ni yóò rí, ó ki, ó lọ́ mọ́ra. Lójú Cray, wáyà tí ó gún régé ni èyí tí gígùn rẹ̀ pé, ojú ì báà rí i tàbí kí ó má rí i.

Ooru ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́. Pátákó méjì méjì ni wọ́n dà pọ̀, wọ́n fi àwo bàbà sí àárín wọn kí ó lè fa ooru wọn lọ sí ara ọ̀pá alumíníọ̀mù. Nínú ọ̀pá yìí ni páìpù irin tí kì í dípẹtà wà, tí Freon ń gbà kọjá. Òróró tí ó wà pẹ̀lú Freon yìí ń jò láti ojú ibi tí páìpù ti so pọ̀, ó ń bo pátákó díẹ̀díẹ̀ títí iná yóò fi ṣẹ́ lára wọn. Oṣù mẹ́fà ni èyí fi dá wọn dúró. Ó di ìgbà tí wọ́n wá ọ̀nà tuntun láti jó irin páìpù náà pọ̀ kí jíjò tó dáwọ́ dúró. Ilé iṣẹ́ tuntun tí kò tíì ta ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni, oṣù mẹ́fà sì tó láti mú un wọlẹ̀.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ lọ sí Los Alamos ní ọdún 1976 fún ìdánwò oṣù mẹ́fà. NCAR, àjọ tí ń ṣe ìwádìí ojú ọjọ́ ní Colorado, ni oníbàárà àkọ́kọ́ tí ó san owó, 8.86 mílíọ̀nù dọ́là. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ tí ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí fún àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ lórí Cray-1 ní ọdún 1979. Àwọn onímọ̀ ohun ìjà núkílíà náà wà lára àwọn tí ó rà á. Ẹ̀rọ náà lè ṣe ìṣirò tí ó tó mílíọ̀nù 160 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí ó lé ní ọgọ́rin ni wọ́n tà.

Cray-2

Láìpẹ́, iṣẹ́ olórí ilé iṣẹ́ sú Cray. Ó fi ipò ọ̀gá sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ òun gẹ́gẹ́ bí alágbàṣe. Ohun tí ó ń wá ni ẹ̀rọ tí pátákó rẹ̀ yóò wà lórí ara wọn ní ìpele mẹ́jọ mẹ́jọ, kí wáyà lè tún kúrú sí i. Ṣùgbọ́n kò sí àyè páìpù láàárín irú pátákó bẹ́ẹ̀. Ó ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán tí ó sì dà wọ́n nù.

Ìpinnu tí ó ṣe níkẹyìn ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: dípò kí ó gbé omi wá sí ẹ̀bá ẹ̀rọ, ó ri odindi ẹ̀rọ sínú omi. Kì í ṣe omi mímu, bí kò ṣe Fluorinert, èyí tí ilé iṣẹ́ 3M ń ṣe. Kò ní àwọ̀, iná mànàmáná kò lè gbà á kọjá, àwọn oníṣègùn sì ti dán an wò rí bóyá ó lè rọ́pò ẹ̀jẹ̀. Ó ń ṣàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láàárín àwọn pátákó, ó ń gbé ooru wọn lọ síta, omi tútù gidi yóò sì gba ooru náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ohun kan ṣe nínú ẹ̀rọ náà ní láti kọ́kọ́ fa gbogbo rẹ̀ kúrò.

Cray-2 jáde ní ọdún 1985. Ó ga ju mítà kan lọ díẹ̀ péré. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àgbá tí ó mọ́ gaara wà, tí ènìyàn lè máa wo omi náà bí ó ti ń ru. Èyí ni wọ́n fi fún un ní ìnagijẹ tí ó túmọ̀ sí ìfófòó.

Ní àkókò yìí kan náà, ilé iṣẹ́ Apple ra ọ̀kan nínú ẹ̀rọ Cray Research láti fi ya kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún Cray, ẹ̀rín pa á, nítorí Macintosh ti Apple ni òun náà fi ń ya ẹ̀rọ tí ó kàn.

Colorado àti ikú rẹ̀

Ní ọdún 1989, Cray kó iṣẹ́ Cray-3 lọ sí Colorado Springs lábẹ́ ilé iṣẹ́ tuntun, Cray Computer Corporation. Ó pa sílíkọ́nì tì, ó yan gallium arsenide, èyí tí ó yára jù ú lọ ṣùgbọ́n tí ó ṣòro láti ṣe. Ẹyọ kan péré nínú Cray-3 ni ó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, ní NCAR, ní ọdún 1993, owó kò sì wọlé láti ara rẹ̀. Ogun tí ó mú un lò ó ti parí: Soviet Union ti túká, ìjọba kò sì ná owó lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè, ó sì wó ní oṣù Kẹta ọdún 1995, nígbà tí Cray-4 kò tíì parí.

Títí di ìgbà náà, Cray kò fẹ́ràn kí wọ́n kó ẹgbẹ̀rún ọpọlọ kékeré jọ sínú kọ̀ǹpútà kan. Ó fi wé ẹni tí ó fẹ́ fi agbo adìẹ ro oko dípò akọ màlúù méjì. Ṣùgbọ́n àwọn adìẹ náà ti borí. Ní ọdún 1996, ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó dá ilé iṣẹ́ SRC sílẹ̀, ó sì jókòó láti ya irú ẹ̀rọ tí ó ti ń bá jà.

Kò ráyè parí rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé nínú ìjàǹbá ní òpópónà ńlá ìlú Colorado Springs. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé ìwòsàn kí ó tó kú. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ní ọdún 1997, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà IEEE dá àmì ẹ̀yẹ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní Ilé Ọnà Sáyẹ́ǹsì ní London, ní Munich ní ilẹ̀ Jámánì, ní Mountain View ní California, àti ní Chippewa Falls tí í ṣe ìlú rẹ̀.