Seydou Keïta: Ọmọ Káfíńtà Tó Fi Kámẹ́rà Kékeré Sílẹ̀ Gba Ńlá

Ẹni tó bá lọ sí òde ìnáwó ní Ajah tàbí Lekki lásìkò yìí á ti rí i pé àwọn fọ́tógíráfà ń pààrọ̀ kámẹ́rà. Èyí tó tóbi, tó wúwo lọ́rùn, ni wọ́n ń tà, tí wọ́n sì ń ra kékeré tí wọ́n ń pè ní mirrorless. Nínú kámẹ́rà ńlá yẹn, dígí kan wà tó ń gbé àwòrán lọ sí ihò tí ayàwòrán ń yọjú wò. Nínú tuntun yìí, wọ́n ti yọ dígí náà kúrò, ojú síkírínì kékeré la ti ń wo ohun tí a fẹ́ yà. Ìyẹn ló jẹ́ kó fúyẹ́. Àmọ́ owó ń lọ sí i, torí lẹ́ńsì Canon ò lè ṣàdédé wọ ara kámẹ́rà Sony.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi rántí ọkùnrin kan tó ti kú kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́. Òun náà pààrọ̀ kámẹ́rà, àmọ́ tirẹ̀ yàtọ̀: kékeré ló fi sílẹ̀ gba ńlá. Orúkọ rẹ̀ ni Seydou Keïta, ọmọ ìlú Bamako ní orílẹ̀-èdè Mali.

Nǹkan bí ọdún 1921 ni wọ́n bí i. Nígbà yẹn, àwọn Faransé ló ń ṣèjọba lé wọn lórí. Keïta ò lọ sí ilé ìwé rárá. Iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, òun náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti kékeré. Ní ọdún 1935, àbúrò bàbá rẹ̀ dé láti Senegal, ó sì mú kámẹ́rà Kodak Brownie kékeré kan wá fún un. Fíìmù rẹ̀ ò ju àwòrán mẹ́jọ péré lọ. Keïta ń fi ọ̀sán ṣe káfíńtà, ó sì ń fi kámẹ́rà náà ya àwọn ará ilé àti àdúgbò. Ṣé ẹ rí i, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ó ń ra fíìmù ní ṣọ́ọ̀bù Faransé kan tó ń jẹ́ Pierre Garnier. Lẹ́yìn náà ni ó sún mọ́ Mountaga Dembélé, tísà tó tún jẹ́ ayàwòrán. Ọkùnrin yìí ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ fíìmù nínú òkùnkùn àti bí wọ́n ṣe ń tẹ fọ́tò jáde. Nígbà tí iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára tán, ó ra kámẹ́rà ńlá tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ díẹ̀. Négátíìfù Brownie rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 sí 9. Ti kámẹ́rà ńlá yìí jẹ́ 13 sí 18. Ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́rin lọ! Bí négátíìfù bá tóbi báyẹn, wọ́n kàn máa gbé e lé orí pépà ni, kí wọ́n tan iná sí i, fọ́tò ti jáde nìyẹn. Gbogbo iṣẹ́ ọnà ara aṣọ, gbogbo ilà ojú, ló máa hàn kedere. Àmọ́ kò ṣeé sáré gbé kiri, ohun èlò rẹ̀ sì wọ́n. Torí náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Keïta sábà máa ń ya oníbàárà. Ó ní láti fara balẹ̀ tún ìjókòó ẹni náà ṣe, kó yí orí rẹ̀ díẹ̀, kó wo ọwọ́ rẹ̀, kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ọdún 1948 ló ṣí sítúdíò ní àdúgbò Bamako-Coura, lẹ́bàá ọgbà ẹ̀wọ̀n, tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló sábà máa ń lò nínú àgbàlá. Aṣọ ibùsùn tirẹ̀ ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn èèyàn. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, ó máa ń pààrọ̀ aṣọ ẹ̀yìn yẹn, ohun ló sì fi ń dá àsìkò tó ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ó ní kóòtù, aago ọwọ́, rédíò àti alùpùpù nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe fọ́rífọ́rí. Àwọn èèyàn ń wọ rélùwéè wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Láyé tí àwọn òyìnbó ń ya àwa aláwọ̀ dúdú bí ẹni ń ya ẹran inú igbó, èèyàn iyì ni Keïta ya àwọn ará ìlú rẹ̀ sí.

Mali gba òmìnira ní 1960. Ní 1962, ìjọba ní kó wá máa ya àwòrán fún àwọn, ó sì ti sítúdíò rẹ̀ pa. Ó fẹ̀yìn tì ní 1977, ó wá ń tún ẹ̀rọ ṣe bíi mẹkáníìkì. Ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀.

Ní 1991, wọ́n pàtẹ àwòrán rẹ̀ ní New York, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ò mọ ẹni tó yà á! Ẹni náà sì wà láàyè ní Bamako o. Àwọn èèyàn wá a kàn, ní 1994 wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Paris náà ló kú sí ní 2001. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ta ló ni négátíìfù tún dé kóòtù.

Kí ni ìtàn yìí ń kọ́ wa? Àkọ́kọ́, iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe ló yẹ kó yan kámẹ́rà. Malick Sidibé, ará Bamako bíi tirẹ̀, kámẹ́rà kékeré ló ń gbé lọ síbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jó lóru, torí ẹni tó ń jó ò lè dúró de ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Èkejì ló ká mi lára jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò eré ìje àti ayẹyẹ ilé ìwé wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ orúkọ yín, orúkọ ẹni tí ẹ yà, àti ọjọ́ tí ẹ yà á sí i. Kámẹ́rà tó dáa jù lọ láyé ò lè bá yín kọ ọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín ò bá kọ ọ́.