Ìtàn Ìgbésí-Ayé Olóògbé Olóyè Henry Olóyèdé Fájẹ́mirókun, Ọmọ Ilé-Olújí

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kò yẹ kí ilẹ̀ ṣú bá orúkọ àwọn ẹni pàtàkì tí wọ́n ti ṣáájú wa lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Àkúrẹ́ àti Oǹdó ni ó ti gbọ́ orúkọ Fájẹ́mirókun, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ ọ̀nà tí ọkùnrin náà tọ̀ kí ó tó dé ibi gíga tí ó dé. Ìdí nìyí tí a fi rò ó pé ó tọ́ kí a sọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí.

Ní ọdún 1926 ni a bí i ní Ilé-Olújí, ìlú àwọn àgbẹ̀ oníkòkó tí kò jìnnà sí Oǹdó. Ní ayé ìgbà náà, kòkó ni ó ń gbé owó wọ agbègbè wa. Àgbẹ̀ ni ó ń roko, òun ni ó ń fọ́ kòkó, òun ni ó ń sá a, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ń dá iye owó rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ni ó ń rà á tí wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kó o lọ sí òkè-òkun, àwọn kan náà ni ó sì ń kó aṣọ àti irin padà wá tà fún wa. Ojú ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ náà dàgbà sí.

Ó kàwé ní Ilé-Olújí, ó sì lọ sí C.M.S. Grammar School ní Èkó àti Ondo Boys' High School, ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní Oǹdó ní ọdún 1919. Ṣùgbọ́n ogun ńlá ayé kejì kò jẹ́ kí ó jókòó ti ìwé. Ní ọdún 1944, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Royal West African Frontier Force, ó sì bá wọn dé ilẹ̀ Íńdíà.

Nígbà tí ogun parí, ó padà wá ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó lẹ́tà àti wáyà. Níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ pé aṣáájú ni. Kò lè wo ẹ̀tọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí a máa fi dù ú, kí ó sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi síwájú, títí ó fi di ààrẹ Nigerian Civil Service Union, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba.

Lẹ́yìn èyí, ó ṣe ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó bọ́ sí òwò. Àwa tí a ti jókòó ti tábìlì ìjọba mọ bí ohun náà ti wúwo tó. Owó oṣù dájú, owó ìfẹ̀yìntì sì ń bẹ níwájú. Ṣùgbọ́n ọjà kò ní àdéhùn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ó dá ilé-iṣẹ́ Henry Stephens sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí kárà-kátà, iṣẹ́ náà sì gbilẹ̀ dé orí ọkọ̀ òkun àti iṣẹ́ ẹ̀rọ, títí ó fi wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ tí ọmọ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀.

Bí ó ti lọ́rọ̀ tó yìí, kò ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ó di ààrẹ Ẹgbẹ́ Oníṣòwò Èkó, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ láti ọdún 1888, àti ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò gbogbo Nàìjíríà. Àkókò náà kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 1972 ni ìjọba ṣe òfin pé kí àwọn òwò kan bọ́ sí ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ wa, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń bèèrè bóyá ọmọ ilẹ̀ wa lè ṣe é. Àpẹẹrẹ irú ènìyàn báyìí ti tó ìdáhùn.

Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ jù lọ ni ti ìṣọ̀kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó rí i pé ọjà Èkó mọ ọ̀nà London, ọjà Abidjan sì mọ ọ̀nà Paris, ṣùgbọ́n Èkó àti Abidjan kò mọ ara wọn, bẹ́ẹ̀ etí òkun kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ààrẹ àpapọ̀ ẹgbẹ́ oníṣòwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí Ọ̀gágun Gowon àti Ọ̀gágun Eyadéma ti Tógò gbé ètò náà dìde, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébáyọ̀ Adédèjì sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, Fájẹ́mirókun ni ó kó àwọn oníṣòwò jọ sẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ECOWAS ní Èkó.

Ọdún mẹ́ta péré ni ó lò sí i. Ní ọdún 1978, ikú pa á ní Abidjan, níbi tí iṣẹ́ òwò Nàìjíríà gbé e lọ. Ẹni ọdún bí àádọ́ta ni. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni a fọwọ́ sí òfin tí ó jẹ́ kí ará orílẹ̀-èdè kan wọ èkejì láìgba físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Oníṣòwò tí ó ń kó ẹrù lọ sí Àkrà tàbí Lomé lónìí ń jẹ nínú oko tí ẹlòmíràn gbìn, tí kò sì dúró jẹ ẹ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Ohun tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún so pọ̀, a ti rí i pé ó ṣeé tú. Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò Àkúrẹ́, Oǹdó àti Ilé-Olújí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ jẹ́ ti àwọn ìjòyè nìkan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Akọ̀wé kan láti ìlú oníkòkó mọ èyí, ó sì fi ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé e lórí.

Kí Ọlọ́run kí ó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó sì gbé irú rẹ̀ dìde láàárín wa.