Dúró Ládípọ̀: Ẹni tí ó Mọ Ìlù tí ó Yẹ Iṣẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo wò nígbà tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. A fẹ́ ra subwoofer, èyíinì ni àpótí gbohùngbohùn tí ó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ èyí tí yóò mi ilé tìtì bí a bá ń wo fíìmù. Èmi fẹ́ èyí tí yóò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ìyá ìlù ń wí nínú orin. Owó ọwọ́ wa kò sì ju ti ẹyọ kan lọ. Ìgbà náà ni mo rántí Dúró Ládípọ̀, ẹni tí ó yan ìlù fún orin, tí ó tún yan ìlù fún eré orí ìtàgé.

Ọmọ Òṣogbo ni Ládípọ̀. Dúródọlá, orúkọ rẹ̀, fi hàn pé ojú àwọn òbí rẹ̀ ti rí màbo lọ́wọ́ àbíkú. Onílù ni bàbá bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n katikísì ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni Ládípọ̀ kọ́kọ́ ṣe. Ní 1961, ó kọ orin ọdún Àjíǹde fún ìjọ rẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì mú dùndún wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Dùndún yẹ orin: bí onílù ti ń fún okùn awọ ara rẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń gòkè, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, tí ó ń bá ọ̀rọ̀ rìn. Àwọn àgbà ìjọ kò gbà; lójú wọn, ìlù abọ̀rìṣà ni. Ládípọ̀ gbé orin rẹ̀ jáde síta.

Ní 1962, òun àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì, dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ìtàn Ọ̀yọ́ ni ó gbájú mọ́ níbẹ̀: Ọba Mọ́rọ̀ ní 1962, Ọba Kò So ní 1963, àti Ọba Wàjà ní 1964, lórí ẹlẹ́ṣin ọba tí Òyìnbó kò jẹ́ kí ó bá Aláàfin rẹ̀ kú.

Nínú Ọba Kò So, dùndún nìkan kò tó. Bàtá ni ìlù Ṣàngó. Ìyá ìlù bàtá ní ojú méjì: ṣáṣá, tí ó kéré, tí ohùn rẹ̀ ta sókè, àti ojú òjò, tí ó tóbi, tí ohùn rẹ̀ wúwo. Mo ti gbọ́ bàtá ní Ọ̀yọ́ rí. Àyà ni ó kọ́kọ́ ń bá kí ó tó kan etí. Nígbà tí Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ bá jáde bí Ṣàngó, tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ohùn wúwo yìí ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Síbẹ̀ kò lé dùndún lọ. Ó fi ìlù kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Eré náà dé Berlin ní 1964, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Ládípọ̀ kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, 1978.

Òun rí ìlù méjèèjì lò. Àwa kò rí àpótí méjì rà. Àpótí tí wọ́n dé pa kì í fa ohùn gùn: bí ìlù bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́. Èyí tí wọ́n lu ihò sí lára a máa bú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ àrá àti ìbọn inú fíìmù, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ lè pẹ́ nílẹ̀ kí ó sì bo ọ̀rọ̀ ìlù mọ́lẹ̀. Orin ni ó pọ̀ jù nílé wa, nítorí náà, èyí tí wọ́n dé pa ni a rà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń kùn bí a bá ń wo fíìmù, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí ohùn fẹ́ ṣe, kí á tó ná owó lé e.