Martiniano, Ọmọ Bahia Tí Ó Wá Kọ́ Ifá ní Èkó

 Ní ìpàdé wa tó kọjá, a bi ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí síbí ní oríkì ilé bàbá rẹ̀, ó kàn ń wò wá ni. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, inú tiwa kò dùn. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn Martiniano Eliseu do Bonfim lónìí.

Ìlú Salvador ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, ni wọ́n ti bí i ní 1859. Àwọn òbí rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí kí wọ́n tó gba òmìnira. Ẹrú ṣì ń bẹ ní Brazil nígbà náà, ọdún 1888 ni ìjọba tó fòpin sí i. Síbẹ̀, ní 1875, bàbá rẹ̀ mú un wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó kí ó lè kọ́ ohun tí àwọn baba rẹ̀ mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wa? Owó ọkọ̀ láti Choba dé Ìbàdàn kò sì tó ti ẹni tó la òkun kọjá.

Nǹkan bí ọdún mọ́kànlá ló lò ní Èkó. Ó lọ sílé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì kọ́ Ifá. Àwa kì í ṣe babaláwo o, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé iṣẹ́ náà kò fẹ́ ìkánjú. Àwọn òyìnbó ní káàdì 78 tí wọ́n ń pè ní Tarot tí wọ́n fi ń woṣẹ́. Ènìyàn lè ra ìwé rẹ̀ kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ó ti ń tẹ́ káàdì. Ti Ifá yàtọ̀. Odù 256 ni, ẹsẹ pọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, inú orí sì ni gbogbo rẹ̀ ń gbé. Ọmọ awo á kọ́kọ́ mọ bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣe ń ṣubú àti odù tó yọ, lẹ́yìn náà á máa kọ́ ẹsẹ lójoojúmọ́, ọ̀gá á máa tún un ṣe fún un. Ẹni tó wá dá Ifá kò tilẹ̀ ní sọ ohun tó gbé e wá. Babaláwo á kì, onítọ̀hún á sì gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà.

Ní 1886 ó padà sí Bahia. Ó ń kọ́ àwọn èèyàn dúdú tó rí jájẹ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń túmọ̀ Yorùbá fún Dókítà Nina Rodrigues tó ń ṣèwádìí nípa wọn. Ní àwọn ọdún 1930, òun àti Ìyá Aninha, tó dá Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní 1910, fi ìjòyè Ṣàngó méjìlá jẹ níbẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ oyè náà: Oníkòyí, Olúgbọ́n, Arẹ̀sà, Kakaǹfò! Ọ̀yọ́ dé Bahia nìyẹn. Ní 1937, wọ́n fi í ṣe ààrẹ ọlọ́lá àpérò ńlá lórí àṣà àwọn èèyàn dúdú, tí wọ́n ṣe ní Salvador.

Nígbà tí Ruth Landes, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, bá a ní 1938, ó ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún. Inú rẹ̀ bàjẹ́ pé àwọn àgbà ń kú tán, àwọn ọ̀dọ́ kò sì ní sùúrù láti kọ́ ọ bí òun ti kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni Lorenzo Turner gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó kú ní 1943.

Bàbá ọmọ tí a wí lókè ti ṣèlérí pé òun yóò kọ́ ọ ní oríkì náà. A ó tún bi í ní ìpàdé tó ń bọ̀.