Ọ̀JỌ̀GBỌ́N ADÉOYÈ LÁMBÒ ÀTI ÀWỌN ABÚLÉ ARÒ

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá hùwà tí kò yé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi sọ pé kí wọ́n wá gbé e lọ sí Arò. Àwọn ọmọ wa ní Agége àti Ìkẹjà ń fi orúkọ yìí bú ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ibi tí Arò wà, wọn kò sì mọ ẹni tí ó sọ ibẹ̀ di ibi tí àwọn dókítà òkè òkun ń wá wò. Ìtàn ẹni náà ni a mú wá fún yín lọ́dún yìí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ará mọ́sálásí wa.

Ní Abẹ́òkúta ni a bí Thomas Adéoyè Lámbò, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1923. Ilé ẹ̀kọ́ Baptist Boys' High School ní ìlú náà ni ó lọ, kí ó tó rékọjá sí Yunifásítì Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó ti gboyè dókítà ní 1948. Ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ fún ìjọba fúngbà díẹ̀, ó sì tún padà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ. Ní àkókò náà, aláwọ̀ dúdú tí ó kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi.

Ẹ jẹ́ kí á sọ bí nǹkan ti rí kí ó tó dé. Ní 1907 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilé wèrè sí Yábà, èyí tí ará Èkó mọ̀ sí Yábà Left lónìí. Obìnrin 8 àti ọkùnrin 6 ni wọ́n kọ́kọ́ kó síbẹ̀. Títì mọ́lé ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ìtọ́jú kò tó nǹkan. Ní 1944 wọ́n ṣí òmíràn sí Láńtòrò ní Abẹ́òkúta. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ilé náà tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ogun tí orí wọn dàrú nígbà ogun Hitler sì wà lára àwọn tí wọ́n kó síbẹ̀. Ní ti àwọn tí ó kù sílé, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán ni ọ̀pọ̀ wọn ń rí. Ẹni tí ó bá ti wọ ọ̀kan nínú méjèèjì, àwọn ènìyàn rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á mọ́ òkú.

Ní 1954 ni wọ́n fi Lámbò ṣe ọ̀gá ilé ìwòsàn tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ilé náà kò tíì parí, àwọn aláìsàn sì ti ń dé. Dípò kí ó jókòó dúró de àwọn bíríkìlà, ó tọ àwọn àgbààgbà abúlé mẹ́rin tí ó yí ibẹ̀ ká lọ, ó ní kí wọ́n fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn. Ẹ ro bí ìyẹn yóò ti rí lójú ẹni tí ó ń gbọ́ ọ: kí o gba ẹni tí orí rẹ̀ dàrú sínú ilé tí aya àti ọmọ rẹ ń sùn! Ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Ilé ìwòsàn yá wọn lówó láti fi kún ilé wọn, ó sì bá wọn ṣètò omi àti ṣáláńgá. Owó ilé tí ń wọlé náà kò sì bà wọ́n lọ́kàn jẹ́.

Òfin kan wà tí kò yẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ẹbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti fún un ní oògùn òyìnbó àti ìtọ́jú mìíràn tí ó wà nígbà náà. Bí ó bá di ọ̀sán, á padà sí abúlé, á bá wọn ṣiṣẹ́, á bá wọn jókòó, á bá wọn ṣeré. Nígbà tí ara rẹ̀ bá fi máa yá, kò tíì gbàgbé bí a ti ń bá ènìyàn gbé. Owó tí ó ń ná ìjọba sì kéré sí ti ẹni tí a gbé sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn kan bínú sí i nítorí pé ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ yìí. Lójú tèmi, ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wọn ni ìmọ̀ wọn nípa ènìyàn, nítorí wọ́n mọ ìdí tí ìdílé kan fi ń jà àti ohun tí aláìsàn ń bẹ̀rù. Abẹ́rẹ́ àti oògùn òyìnbó wà lọ́wọ́ dókítà.

Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ náà kò kéré. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé dókítà kan tí ń jẹ́ Carothers jáde, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kẹ́ńyà. Ọkùnrin náà kọ ọ́ pé ìbànújẹ́ ọkàn tí ó di àìsàn kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé ọpọlọ wa kò pé tó ti àwọn òyìnbó. Lámbò ta kò ó. Ní 1961, òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó àwọn òṣìṣẹ́ wọn jọ, wọ́n wọ àwọn abúlé Ẹ̀gbá àti ìlú Abẹ́òkúta, wọ́n ń bi àwọn ènìyàn léèrè bí ara àti ọkàn wọn ti rí. Ìwé tí wọ́n fi ìwádìí náà ṣe jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé bí Yorùbá kò tilẹ̀ ní orúkọ kan ṣoṣo fún àìsàn náà, àwọn ènìyàn mọ àmì rẹ̀ dáadáa: àìróorunsùn, ẹkún láìnídìí, kí ohun tí ènìyàn fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ máa sú u.

Èyí tí ó kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ jù ni iṣẹ́ Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó bá wọn ṣiṣẹ́ ní Arò. Ní 1960 ó kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná tàbí tí ó ń rìn wọ́n bí ẹni pé kòkòrò wà níbẹ̀, tí ojú wọn ń ṣú, tí ohun tí wọ́n ń kà kò sì wọlé. Ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ni gbogbo ẹbí ti dáwó jọ fún kí ó lè kàwé, ẹrù náà sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru ní kọ́ńpìnnì nítorí owó ilé ìwé, ẹ kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má máa fi iye tí ẹ ná ka ọmọ lójú ní gbogbo alẹ́.

Lámbò di Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ìbàdàn ní 1963, ó di Gíwá yunifásítì náà ní 1968. Láti 1971 ó wà ní Geneva pẹ̀lú Àjọ Ìlera Àgbáyé kan náà tí ó tẹ ìwé Carothers, ó sì di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ náà láti 1973 títí di 1988. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2004, ó ku ọjọ́ 16 kí ó pé ẹni ọdún 81.

Òfin wèrè ti 1958 ṣì wà lórí wa nígbà tí ó kú. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ tó fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó rọ́pò rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2006, nínú 100 ẹni tí àìsàn ọpọlọ wọn le, nǹkan bí 8 péré ni ó rí ìtọ́jú láàárín ọdún kan. Ní 2019 ẹ̀wẹ̀, àjọ Human Rights Watch rí ènìyàn nínú ẹ̀wọ̀n ní ọ̀pọ̀ ibi ní orílẹ̀-èdè yìí: ní ilé ìjọba, ní ilé oníṣègùn, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti ní ọ̀dọ̀ àwa Mùsùlùmí náà. Ẹ má jẹ́ kí á fo èyí tí ó kẹ́yìn yẹn.

Nígbà tí Arò bẹ̀rẹ̀, ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà àti Agége wà, ẹni tí ó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ lè wọ rélùwéè ní Agége títí dé Abẹ́òkúta. Lónìí, àwọn dókítà ọpọlọ wà nítòsí ní ilé ìwòsàn ńlá ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Ìkẹjà, LASUTH. Yábà náà ṣì wà, ó sì ní ẹ̀ka kan ní Òṣódì fún àwọn ọmọdé àti àwọn ọ̀dọ́.